Ẹni Tó Kọ́kọ́ Balẹ̀ ní Pápá Wendcombe

Ọ̀gbẹ́ni Challis balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbéra. Èmi àti Bàbá Tuckwell la rí i. Oṣù kẹrin ọdún 1913 ni. A jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilé bàálù, mò ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, bàbá ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàṣì. Bàálù náà yọ láti ẹ̀yìn òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sáré lórí koríko títí tó fi dúró nítòsí ọgbà. Ọkùnrin kan jáde nínú rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá Tuckwell nu ẹnu, ó dìde kó lè lọ pàdé rẹ̀. Ó bojú wolẹ̀ díẹ̀ kó má baà fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tó máa gbójú sókè, kò sí nǹkan kan lórí pápá. Kò sí bàálù, kò sí ènìyàn. Àwọn àgùntàn tó ń jẹko lápá kejì kò tilẹ̀ gbórí sókè.

"Hester," ni bàbá wí, kò wò mí lójú, "kí lo rí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà rí ni, bàbá."

"Ó dáa. Má sọ ọ́ síta."

Ó padà jókòó, ó sì jẹ ìyókù búrẹ́dì rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà la gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀yìn òkè. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ti àkọ́kọ́ kò dún rárá. Bàálù yọ níbi kan náà, ó balẹ̀ níbi kan náà, ó dúró nítòsí ọgbà. Ọ̀gbẹ́ni Challis jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ojú rẹ̀ dúdú fún òróró lárà, eyín rẹ̀ sì ń tàn nínú ẹ̀rín.

Kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Orúkọ mi ni Hester Gadd. Ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ń rán kó tó kú, lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ abẹ́rẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Ferrand gbà mí síṣẹ́ ní Wendcombe níbi tó ti ń kan bàálù. Èyí tó kàn lọ́dún yẹn, torí eré ìje nìkan ló ṣe kàn án. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kúkúrú, tín-ín-rín, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ la sọ ọ́. Àwọn káfíńtà gbẹ́ egungun rẹ̀, èmi rán aṣọ ọ̀gbọ̀ bò ó, mo sì fi ọ̀dà kùn ún títí tó fi le tó ń dún ko bí èèyàn bá fi èékánná ta á. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo lò lórí ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Challis ló ń wà á. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ọlọ́yàyà ni, ẹni tí kì í lè kọjá lára ènìyàn láìdá àpárá. Bàbá Tuckwell ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Òróró lárà ni ẹ́ńjìnnì náà ń mu, bó bá sì ti ń yí ni yóò máa tu ú padà sí ojú ẹni tó ń wà á. Ẹnikẹ́ni tó bá fò fún ìdajì wákàtí, odidi ọjọ́ méjì ni yóò fi máa rùn ún.

Nígbà kejì tó ṣẹlẹ̀, Maud ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Challis wà níbẹ̀. Obìnrin kékeré ni, kì í tètè fòyà. Bó ti rí ọkọ rẹ̀ tó ń rìn bọ̀, ó yára lọ pàdé rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti gba ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo rí ọwọ́ náà tó kọjá, bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́ sínú èéfín, lẹ́yìn èyí òun nìkan ló kù lórí koríko. Ó dúró díẹ̀. Ó padà wá bá wa, ó ń fi ọwọ́ kan pa èkejì.

"Ó tutù níbẹ̀ yẹn," ló wí.

Bàálù gan-an dé ní àádọ́ta ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Tuckwell ti ń pe èyí tí kì í dún ní Èkínní, tó ń pe Ọ̀gbẹ́ni Challis fúnra rẹ̀ ní Èkejì.

Ọ̀gbẹ́ni Challis kò rí i lẹ́ẹ̀kan rí, àwàdà ló sì ń fi í ṣe.

"Ẹ ní mo ti dé? Ṣé mo ti mu tíì mi náà ni?"

"Ẹ ti mu ún," ni Bàbá Tuckwell fèsì, "ẹ sì ti jẹ gbogbo kéèkì. Ẹ lọ jókòó jẹ́ẹ́."

"Alájẹkì ni ọkùnrin yẹn. Bó bá tún wá, ẹ ní kó bá mi fọ ẹ́ńjìnnì."

Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ń gùn sí i. Nínú oṣù karùn-ún, ó di wákàtí kan. Nínú oṣù keje, Èkínní a ti balẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Challis tó gbéra rárá. Ní Ọjọ́rú kan, òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń jẹ èso ápù, nígbà tí bàálù sọ̀ kalẹ̀ láìdún, tí òun kan náà jáde nínú rẹ̀, tó sì ń bọ̀ wá bá wa. Èmi, Maud àti Bàbá Tuckwell kọjú sí pápá. Ọ̀gbẹ́ni Challis wo ojú wa.

"Ibo ló wà?" ló béèrè.

"Ó ń kọjá níwájú rẹ báyìí," ni Maud wí.

Ọ̀gbẹ́ni Challis rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀rù náà kò pẹ́ kó tó tán lójú Maud. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀: kò sí ọjọ́ kan tí Èkínní dé tí Èkejì kò dé láyọ̀. Nítorí náà ó sọ ọ́ di òfin. Ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gun bàálù àfi bí Èkínní bá ti balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá sì ti balẹ̀, Maud a fi ẹnu ko ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, a ní, "O lè máa lọ, o ti dé." Nígbà mìíràn a máa dúró títí di ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Ferrand, tí kò rí nǹkan kan tí kò sì mọ nǹkan kan, rò pé afẹ́fẹ́ la ń wò.

Ọjọ́ eré ìje bọ́ sí ìparí oṣù kẹjọ. Bàálù mẹ́jọ ni yóò fò láti Wendcombe dé Selmouth létí òkun, wọn yóò yí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ká, wọn yóò sì padà. Ogójì máìlì ni ní àlọ, ogójì ní àbọ̀. Èrò ti kún pápá láti òwúrọ̀. Ẹgbẹ́ onífèrè ń fọn, àwọn èèyàn tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọ́n ń jẹ ẹran tútù. Bàbá Tuckwell ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Selmouth lọ́jọ́ tó ṣáájú, bóyá bàálù máa nílò àtúnṣe níbẹ̀. Maud ti lóyún oṣù mẹ́jọ, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dúró láàárín èrò, nítorí náà inú yàrá òkè ní ilé èrò tó wà lódìkejì ọ̀nà ló wà. Fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí pápá. Èmi ló ní kí n máa ṣọ́nà.

Mo ti wà lẹ́nu ọgbà láti aago mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù, mọ́kànlá lù. Mo wo ẹ̀yìn òkè títí omi fi ń dà lójú mi. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe mí bí ẹni pé nǹkan kan ń yí pápá náà ká lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ìkùukùu ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí aago méjìlá kọjá, Maud ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Challis dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wù awọ rẹ̀, ó ti múra tán, ó ń wo aago.

"Hester," ni Maud wí, "ṣé ó ti dé?"

Ọ̀gbẹ́ni Challis kò ṣẹ́jú sí mi, kò bẹ̀ mí, kò sì fi orí júwe. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí: èmi ni mo fi ọwọ́ mi rán ìyẹ́ yẹn fún oṣù mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níta, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Ó ti dé, mà," ni mo wí.

"Nígbà wo?"

"Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀."

Maud mí kanlẹ̀. Ó fa ojú ọkọ rẹ̀ sọ́dọ̀, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu. "O lè máa lọ, o ti dé."

Ní aago kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa ló gbéra ṣìkẹta, nọ́ńbà méje ni wọ́n kùn sí i. Ó lọ dáadáa. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àwọn igi, oòrùn tàn gba inú aṣọ ọ̀gbọ̀ náà, mo rí gbogbo egungun rẹ̀ nínú bí ìgbà tí èèyàn gbé ọwọ́ sókè sí iná. Àwọn èèyàn pariwo. Lẹ́yìn náà ìkùukùu bo orí òkè.

Àwọn mẹ́ta ṣẹ́rí padà láìpẹ́. Wọ́n ní àwọn kò rí ọwọ́ àwọn mọ́ lókè lọ́hùn-ún. Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún, Bàbá Tuckwell tẹ tẹlifóònù láti Selmouth: Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti yí ilé gogoro ká, òun ló ṣíwájú, ó ti kọrí sílé. Wọ́n kéde rẹ̀, onífèrè tún fọn sókè.

Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú méje, ó yọ láti inú ìkùukùu.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó sáré lórí koríko, ó dúró nítòsí ọgbà. Gbogbo èrò ló rí i lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló ń hó yèè, fèrè ń dún. Bí wọ́n bá ní kí n fi Bíbélì búra bóyá mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, n kò lè búra. Àwọn adájọ́ eré ìje ń gbọn aago ọwọ́ wọn, wọ́n ń gbé e sétí. Ogójì máìlì láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kò sí ohun tó ń fò bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé aago Selmouth ló ń yẹ̀, wọ́n sì gbé ife fún un.

Inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé irọ́ mi kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ọkùnrin gbé e sí èjìká, wọ́n gbé e kọjá lára mi. Ó bojú wò mí láti òkè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo gbé imú sókè. Òórùn koríko ni mo gbọ́, òórùn tábà, òórùn àágùn àwọn tó gbé e. N kò gbọ́ òórùn lárà.

Mo padà sẹ́nu ọgbà, mo sì dúró síbẹ̀. Èrò ń lọ, wọ́n ń ká aṣọ wọn nílẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn òkè. Títí oòrùn fi wọ̀, Èkejì ni mò ń retí.

Kò dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Tuckwell ti Selmouth dé. Ó lọ sídìí bàálù láti tọ́jú rẹ̀. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Ó jáde wá, ó ń kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Hester, ẹ́ńjìnnì yẹn kò tíì ṣiṣẹ́ rí láyé yìí. Gbígbẹ ni. Mo ti ìka bọ inú rẹ̀, ìka mi sì mọ́."

"Bàbá, kí la máa ṣe?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ti ṣe?"

 Bàbá fi àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Challis kò fò mọ́. Ó ní etí ń dun òun. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ológun wá kó ohun tó bá wúlò ní Wendcombe, wọ́n sì ní Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò níláárí, nítorí ó fúyẹ́ jù, ènìyàn méjì péré ló gbé ohun tó yẹ kí ènìyàn mẹ́fà gbé. Wọ́n wọ́ ọ sẹ́yìn ilé. Òjò ń pa á níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kọjá níbẹ̀, mo rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, koríko abẹ́ rẹ̀ kò sì tẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

Maud bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ọkọ rere ni ọkùnrin náà. Kì í mutí, kì í jágbe mọ́ni. N kì í sábà lọ kí wọn, ṣùgbọ́n Maud a máa pè mí fún oúnjẹ Sunday. Bí a bá ti gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, a ó rí i pé ó ti jókòó síbi orí tábìlì. Lẹ́yìn èyí la ó gbọ́ géètì. Lẹ́yìn géètì, bàtà lórí òkúta. Lẹ́yìn bàtà, ilẹ̀kùn. Ọmọ náà a máa gbé ṣíbí dúró títí ilẹ̀kùn yóò fi dún tán, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí wọ́n ti tọ́ ọ nìyẹn.

Ní ọdún 1921, òjò kọ̀ láti rọ̀. Láti oṣù kejì títí di oṣù keje, kò sí ju wínníwínní lọ. Adágún Hollin, tó wà láàárín òkè ní ojú ọ̀nà Selmouth, fà títí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sán. Darandaran kan rí igi tó yọ nínú ẹrẹ̀ náà. Ọlọ́pàá béèrè ẹni tó mọ̀ nípa bàálù àtijọ́, wọ́n sì darí wọn sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà fún mi kí n lè dé ibẹ̀. Ẹrẹ̀ ti pa aṣọ púpọ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ nu ìhà ìyẹ́ ìsàlẹ̀ lápá òsì. Lẹ́yìn ojú ìrán mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, kókó méjì wà, ọ̀kan yí sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Bí bàbá mi ti ń ta á lórí ìgbòkun nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ta á. N kò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo nù ún síwájú sí i, mo rí ìdajì nọ́ńbà méje. Ẹ̀wù awọ wà lórí àga, egungun wà nínú ẹ̀wù náà.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, mà?" ni ọlọ́pàá béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Challis tó wa nọ́ńbà méje wà láàyè nílé rẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, èmi àti òun sì ti jọ jẹ àgùntàn sísun ní Sunday tó kọjá.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Mo gba ilé Maud lọ tààrà. Ó ń ká aṣọ lórí okùn nínú ọgbà. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Lẹ́yìn náà mo sọ ìyókù, ohun tí n kò sọ fún ọdún mẹ́jọ: pé kò dé lọ́jọ́ náà, pé mo purọ́.

Ó ká aṣọ ìbùsùn kan tán, ó tún un ká sí kékeré.

"Mo ti ń retí kí o sọ ọ́," ló wí. "Lójú mi, ìwọ nìkan kọ́ lo purọ́, Hester. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi ọwọ́ kàn án, ó sì tutù. Mo mọ ibi tí mo ti mọ òtútù yẹn. Mo sì pe orúkọ ọkọ mi fún un. Mo ń pè é títí di òní."

"Kí ló dé tí ẹ fi gbà, mà?"

"Ta ni mo tún ní?"

Wọ́n sin egungun náà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Hollin láìní orúkọ. Ènìyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: àlùfáà, èmi, Maud, àti Ọ̀gbẹ́ni Challis, tó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, tó tẹrí ba gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Maud ju ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan sí i, ó sì lọ bá àlùfáà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku èmi àti ọkùnrin náà. Ó dúró pẹ́, ó ń wo inú kòtò bí ẹni tó ń wo ilé tó ti gbé rí.

"N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Fún kí ni, ọ̀gá?"

"Lọ́jọ́ eré ìje. Mo ti ń yí pápá yẹn ká láti àárọ̀. N kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá máa dé nìkan ni mo lè ṣíwájú rẹ̀, lọ́jọ́ náà ẹni náà kò ní dé." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ lo sọ pé mo ti dé. Wọ́n sì gbà ọ́ gbọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti gbà mí."

 Ó dé fìlà rẹ̀, ó tún un ṣe díẹ̀, ó sì na apá fún mi kí n dì í mú, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú.

"Ẹja ni Maud sè lónìí," ló wí. "Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí o sá lọ. Wá bá wa jẹun."

Mo di apá rẹ̀ mú. Mo bá wọn lọ.